Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún: kí la ó kọ́kọ́ rà, kí la ó kọ́kọ́ sè?

Ọmọ_Mọ́níyà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbà méjì, ọmọ mẹ́ta la jẹ́, Ìbàdàn là ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lowó oúnjẹ ń jáde. Fíríísà kékeré wà, àmọ́ iná kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ lójúmọ́, ọjọ́ mìíràn kò ní wá rárá. Tí ọ̀sẹ̀ kejì bá fi máa wọlé, ata ti tán, ẹ̀fọ́ ti jẹrà, a ó wá máa ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ ládùúgbò ní owó gegere. Báwo lẹ ṣe ń pín in? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ iye gan-an, ẹ má kàn ní kí n ra èyí tó bá tó.

Ìyá_Alásè
Ẹ kú ìnáwó o, Ọmọ Mọ́níyà. Ohun tó sábà ń da ètò rú ni pé èèyàn á kọ oúnjẹ tó wù ú sílẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú, á wá gbé ìwé lọ sọ́jà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́, òun lẹ máa kọ́kọ́ sè, kẹ́ ẹ tó wo ohun tó wu ẹnu.

Ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ kejì rẹ̀: ṣọkọ̀, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewédú. Ewédú ni kò ní sùúrù rárá nínú wọn. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún: ilá, ọgẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ẹja dídì, ẹran tí ẹ ti bọ̀. Ọjọ́ kẹfà sí ìkẹsàn-án: ata tí ẹ ti sè gbẹ, iṣu, ẹyin. Ọjọ́ kẹwàá dé ìkẹrìnlá: ẹ̀wà, gbẹ̀gìrì, ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, orúnlá. Àwọn ti ìkẹyìn yìí kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Owó náà, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ti ohun gbígbẹ (ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrì, èlùbọ́, epo), ti ata àti ẹran, àti owó kékeré kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀fọ́ tútù àti èso ọ̀sẹ̀ kejì lowó kékeré yẹn wà fún. Bí kò bá sí i, ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ á sì di ti ewúrẹ́.

Bàbá_Ìdáná
Ó ní ká dárúkọ iye, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kóńgò ìrẹsì tí wọ́n wọ̀n dáadáa máa ń súnmọ́ kílò kan ààbọ̀. Tí àgbà bá jẹ gíráàmù 150 ìrẹsì tútù, tí ọmọ jẹ 100, ẹ̀yin márùn-ún á jẹ 600 lẹ́ẹ̀kan. Kóńgò méjì nìyẹn fún ìgbà márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀wà fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó ń wú: 400 tó yín lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kóńgò kan pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lórí rẹ̀ á ṣe ìgbà mẹ́rin. Gààrì kò wúwo bí ìrẹsì nínú kóńgò kan náà, ẹ ka kóńgò kan sí ẹ̀bà ẹ̀ẹ̀mejì. Kóńgò mẹ́ta á sì yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún mímu. Èlùbọ́, kóńgò kan ààbọ̀ fún àmàlà ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹyin, kíréètì kan. Ọgbọ̀n ni ẹyin inú kíréètì, tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá jẹ ẹyọ kan láàárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó tán géérégé ní ọjọ́ kẹrìnlá.

Ẹran, kílò méjì. Ẹ gé e kó tó dé orí iná, ogún ègé nínú kílò kan. Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́ran ò ní fẹ́ gé e kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á lódindi kẹ́ ẹ lọ gé e nílé. Tí àgbà bá ń jẹ méjì, tí ọmọ ń jẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, méje ló ń lọ nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ogójì ègé á sì gbé yín dé ọjọ́ márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹja àti ẹ̀wà ló máa gba ìyókù.

Ọmọ_Mọ́níyà
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ṣé kí n kúkú ra àpò ìrẹsì kan kí n sinmi?

Bàbá_Ìdáná
Àpò kílò 50 á tó yín jẹ nígbà 83. Tí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀ méjì, oṣù méje ààbọ̀ ni yóò fi wà nílẹ̀. Owó tó yẹ kó ra ata á ti sùn sínú àpò, kòkòrò á sì ti bá yín dá sí i. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò, kẹ́ ẹ jọ rà á, kẹ́ ẹ sì fi òṣùwọ̀n pín in. Ẹ má fi kóńgò pín in o. Ọwọ́ tó ń wọ̀n kì í dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ẹni tó gbà kẹ́yìn ló máa ń kùn.

Ẹlẹ́wà_Olóyin
Lórí ọ̀rọ̀ kóńgò, ẹ la ojú. Ẹ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bu nǹkan sí i. Àwọn kan ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, àwọn mìíràn da àbẹ́là yíyọ́ sí ìsàlẹ̀, kóńgò náà á sì ga lójú ṣùgbọ́n kò ní jìn nínú. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń bù ú. Ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, tó ń dà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àyè afẹ́fẹ́ ló ń tà fún yín. Kí wọ́n ki kóńgò bọ inú àpò, kí wọ́n fi kó o, kó ga lórí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bèèrè ènì. Tí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré nílé, ẹ wọn kóńgò ìyá tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ó mọ̀ bóyá ẹni tó ń tà lówó pọ́ọ́kú lójú ló wọ́n jù níkùn.

Ẹ̀wà gan-an: olóyin dùn, ó ń tètè jinná, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò, kẹ́ ẹ bù láti ibẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò róbótó lára hóró, tàbí ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, kòkòrò ti ń jẹun níbẹ̀. Tí ó bá sì rùn sí oògùn apakòkòrò, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Àwọn kan ń fọ́n oògùn tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sí i. Ó ti ṣekú pa èèyàn, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra. Ẹ má gbára lé fífọ̀ àti dída omi àkọ́sè nù.

Láti tọ́jú rẹ̀ láìsí oògùn: ẹ ṣà á, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá rọ ọ́ sínú ike omi tàbí gálọ́ọ̀nù tó gbẹ táútáú títí dé ọrùn, kẹ́ ẹ de ìdérí rẹ̀ pinpin. Bó bá ti kún tó bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe kéré tó, kòkòrò tó bá sì wà níbẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ náà tán, á kú. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí àpò alápò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tí ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń so lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gálọ́ọ̀nù tó bá wà ní ìdajì, tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ike kékeré mẹ́rin sàn ju ńlá kan lọ.

Aláta_Ṣáṣá
Ata ló ń jẹ owó yín, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ọmọ Mọ́níyà, ọjà Ṣáṣá ò jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni ọkọ̀ tòmátò àti ata láti Òkè Ọya ń já sí. Ìkòkò ọbẹ̀ kan fún èèyàn márùn-ún, tó máa jẹ́ ọjọ́ méjì, ń gba nǹkan bíi kílò kan ata tútù. Ìkòkò mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ méjì: kílò mẹ́ta tòmátò, kílò méjì tàtàṣé, kílò kan àlùbọ́sà, ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe le tó. Apẹ̀rẹ̀ ńlá ti pọ̀ jù fún ilé kan, ẹ jọ rà á. Kẹ́ ẹ tó pín in, ẹ dà á sílẹ̀ pátá, ẹ yọ èyí tó ti fọ́ àti èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ pín èyí tó dára, kẹ́ ẹ wá pín èyí tó ti rọ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú. Ti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kì í jọ tòkè, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bu tiẹ̀ látòkè.

Tòmátò gbọọrọ tó le, tí ẹran ara rẹ̀ nípọn, lẹ fẹ́ fún sísè gbẹ. Èyí róbótó tó kún fún omi àti kóró á gbé gáàsì yín lọ kó tó gbẹ. Ẹ la tàtàṣé, ẹ gbọn kóró rẹ̀ dànù, kóró yẹn ló ń korò.

Níbi ẹ̀rọ ìlọta, ẹ wo ohun tí wọ́n lọ̀ ṣáájú yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà àkàrà, ẹ ní kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì da àkọ́lọ̀ díẹ̀ nù. Àṣẹ́kù ẹ̀wà inú ẹ̀rọ máa ń mú kí ata ru, kó sì kan kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ sè é lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu, láìdé e. Iná líle títí omi á fi lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà iná díẹ̀, kẹ́ ẹ máa ro ìdí rẹ̀ kó má baà jóná. Ó lè gbà tó wákàtí kan. Ó ti tó nígbà tí ẹ bá fi ṣíbí la àárín rẹ̀ tí ọ̀nà náà dúró díẹ̀ kó tó padà. Ìdajì ni yóò kù. Ẹ JẸ́ KÓ TUTÙ pátápátá kẹ́ ẹ tó bù ú sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá rọ ọ́ ní gbígbóná, oru á di omi sí ẹnu ọ̀rá, ibi tí omi yẹn kán sí ni kíkan á ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n ìkòkò kan nínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ ń tètè gan, ó sì ń tètè yọ́. Èyí tí èèyàn kó jọ bí òkúta ńlá, a óò máa fi ọ̀bẹ gé e, ìyókù á ti yọ́ kó tó tún padà sínú fíríísà.

Ìyá_Ìjẹ̀bú
Ẹni tí iná ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá ńkọ́? Ẹ din ata náà dáadáa lẹ́yìn tí ẹ ti sè é gbẹ, kí òróró bo orí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má ki ṣíbí tí ẹnu ti kàn bọ̀ ọ́. Èyí á gbé yín fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ó ń lo ọ̀sẹ̀ kan lórí tábìlì, ẹ má tẹ̀ lé e.

Aláta_Ṣáṣá
Òótọ́ ni, mà. Kẹ́ ẹ sì má pa ata pọ̀ mọ́ ẹran nínú ìkòkò yẹn, ọbẹ̀ tó lẹ́ran ń tètè bàjẹ́ ju ata dídín lásán lọ.

Ìgbà tí tòmátò bá wọ́n, ẹ má bá a jà. Ó máa ń pọ̀, ó máa ń rọjú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; tí òjò bá ti le, ó di góòlù. Lọ́dún 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ipò pàjáwìrì lórí rẹ̀, ìdin kékeré kan ló fà á. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ni kó pọ̀, kẹ́ ẹ fi tòmátò alágolo díẹ̀ ti í lẹ́yìn. Ẹ din tòmátò alágolo nínú òróró fúnra rẹ̀ kí ata tó wọlé, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíkan rẹ̀ á gba gbogbo ọbẹ̀.

Ọmọ_Mọ́níyà
Ọlọ́run á bù kún yín. Fíríísà ńkọ́? Ṣé kí n kàn gbàgbé rẹ̀ ni?

Bàbá_Ìdáná
Ẹ má gbàgbé rẹ̀, ẹ kún un. Fíríísà tó kún, tó ti gan, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè mú òtútù dúró tó wákàtí 48. Èyí tó wà ní ìdajì, nǹkan bíi 24. Nítorí náà, ẹ rọ omi sínú ike, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ fi wọ́n dí gbogbo àlàfo. Ohun tí ẹ máa lò lónìí, ẹ mú un jáde láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ tó ń ṣí i wá omi tútù ló ń ba ẹja jẹ́ ju NEPA lọ, ẹ bá wọn wá kúlà sọ́tọ̀.

Tí iná bá pẹ́ kó tó dé, ẹ fọwọ́ kan ẹran náà. Tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ó lè padà gan. Tó bá ti rọ̀, tó ṣì tutù, ẹ sè é lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù, kódà bí kò bá rùn.

Ìyá_Alásè
Ẹja dídì: ẹ ra á kẹ́yìn ohun gbogbo lọ́jà, ẹ gbé kúlà dání. Ẹ ṣí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ wò, kó pupa. Ojú rẹ̀, kó ràn. Titus tí ikùn rẹ̀ ti bẹ́, tàbí tó wọ́ kọrọkọrọ nígbà tó gan, ó ti yọ́ rí kó tó tún dì. Kọ̀tẹ́ àti ṣàwá kò wọ́n tó o, wọ́n sì dára fún dídín.

Ẹja gbígbẹ, ẹ sá a sóòrùn tàbí kẹ́ ẹ tún un yan díẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ tó dì í sínú ike. Tó bá ṣì rọ̀ nínú, yóò bu.

Ẹ̀gúsí, ẹ ra hóró tí wọ́n ti bó, kẹ́ ẹ máa lọ èyí tó tó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gúsí lílọ̀ tó ti pẹ́ ń korò. Ìrú, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìgò, kẹ́ ẹ da òróró díẹ̀ bò ó lórí.

Ọmọ_Ọ̀ṣun
Ẹ̀yin tí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún wà nítòsí yín, ẹ lò ó. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ gan-an lẹ ti ń rà á níbẹ̀, alájàpá ò tíì fi owó ọkọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kà á bí àwọn baba wa ṣe ń kà á: tí ọjà bá ná lónìí Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ló tún máa ná, kì í ṣe Àbámẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà fún oṣù méjì, nítorí kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀.

Ní ti iṣu: èyí tuntun tó ń jáde nígbà òjò kún fún omi, ó dára fún jíjẹ lásán àti àsáró, àmọ́ iyán rẹ̀ kì í fà, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ra márùn-ún péré. Iṣu tó ti gbó lẹ ń tò jọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kì í ṣe nínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì máa ṣẹ́ ọmú rẹ̀ tó bá ti yọ. Ẹ tẹ orí àti ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibi tó bá rọ̀, inú rẹ̀ ti dúdú.

Àǹtí_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London bíi tiwa, iná kọ́ ni ìṣòro wa, owó ni. Tàtàṣé gbọọrọ tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ń pè ní Romano dára dípò tàtàṣé ilé, ata rodo sì pọ̀ ní Rye Lane àti Ridley Road. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń tà á nínú abọ́ ń dín owó rẹ̀ kù kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Iṣu Púnà láti Gánà, ẹ ní kí wọ́n gé ìdí rẹ̀ wò níwájú yín. Èyí tó kù nílẹ̀, ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ fi sí fíríísà ní tútù. Ẹ má jẹ́ kó yọ́ kẹ́ ẹ tó jù ú sínú omi híhó.

Ọmọ_Mọ́níyà
Ó kù kan. Oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ tó ń lọ ilé ìwé. Búrẹ́dì ti wọ́n jù.

Ìyá_Alásè
Ògì. Ẹ ra èyí tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bọ́ ọ jáde nínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fi sínú abọ́ tàbí ike, omi lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa da omi náà nù láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì bu òmíràn sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé ló máa ń rùn. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú ẹyin, ọjọ́ kan fún àkàrà, ọjọ́ kan fún dòdò. Ọgẹ̀dẹ̀ náà, ẹ má ra gbogbo rẹ̀ ní pípọ́n. Ẹ ní kí wọ́n já a fún yín lọ́nà mẹ́ta, èyí tó pọ́n, èyí tó ń pọ́n lọ, èyí tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èyí tutù yẹn á ti pọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì bá fi dé.

Ẹ̀wà àkàrà, ẹ rẹ ẹ́, ẹ bó o lálẹ́, kẹ́ ẹ gbé e sínú omi tútù. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́jú láìsí iná, tó bá ti ru, kò ní ṣeé pò mọ́.